Bámijókòó Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Kí Àgbà

Àyà Ọláyọdé ti kan táìlì iwájú ilé Bàbá Mákánjúọlá gbalaja níbi tó ti ń dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, kí ó tó rántí pé òun kò so okùn ajá òun mọ́ nǹkan kan. Ó ti pẹ́ jù. Bámijókòó ti fò kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń gbó bí ẹni tí wọ́n ń ja olówó rẹ̀ lólè níṣojú rẹ̀. Nígbà tí Ọláyọdé máa fi gbójú sókè, orí àga oníke ni ẹni tó fẹ́ fi ṣe àna wà, ó dúró ṣánṣán, ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ síwájú. Bí àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ṣe gun àga láìdi ògiri mú, kí ẹnikẹ́ni má bi mí. Orúnkún tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún méje kò rántí dùn ún lọ́jọ́ náà.

Ìrètí, ọmọ Bàbá, ẹni tí gbogbo àlọ-àbọ̀ yìí tìtorí rẹ̀ wáyé, sáré jáde láti inú ilé pẹ̀lú abọ́ ẹ̀pà lọ́wọ́. Òun àti Ọláyọdé ló jọ fa okùn ajá náà títí ó fi jókòó. Bàbá rọra sọ̀kalẹ̀. Kò pariwo. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú, ó sì ti mọ̀ pé ohùn tó rẹlẹ̀ ló máa ń ba ọmọ lẹ́rù jù.

"Ẹ̀ẹ̀melòó nìyí, Ọláyọdé?"

"Ẹ̀ẹ̀kẹta, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Èyí tìẹ wá ń rorò nílé tí kò ṣọ́ rárá." Bàbá fi áńkáṣì nu iwájú orí. "Ọkùnrin tí ajá ò gbọ́ tiẹ̀, ta ni yóò gbọ́ tiẹ̀ nínú ilé? Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi ajá sí ilé ìwé báyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mú un lọ. Lọ́jọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́, èmi fúnra mi á wá, wà á sì kí mi níwájú ẹ̀ bó o ṣe máa ń kí mi. Bó bá gbó mi ẹ̀ẹ̀kan péré, kí o mú ọ̀kan: yálà ajá, tàbí ọmọ mi."

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí ìdílé méjèèjì máa fojú kanra, ku oṣù méjì ó lé díẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ìkíni ló jẹ́ kí Ọláyọdé rí ojú rere Bàbá tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ ní Ìsẹ́yìn, ìyá náà sì ti fi yé e láti kékeré pé bí àyà kò bá tíì kan ilẹ̀, onítọ̀hún kò tíì kí àgbà. Ó kàwé, ó di ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone, ó ń wọ jíǹsì, ó ń wa mọ́tò, ṣùgbọ́n bó bá ti rí àgbà, ilẹ̀ ló ń lọ, ì báà jẹ́ ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù tó ń wọlé sí Bàbá ní Abraham Adésànyà Estate, ìka kan ni wọ́n fi ń tọ́ ilẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ṣa náírà tó já bọ́. Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ rí Ọláyọdé nílẹ̀ gbalaja, ó ju ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sì fi àdúrà bò ó fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ fi sọ́kàn pé àdúrà Bàbá Mákánjúọlá kì í kúrú. Ìrètí máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun kan ti sùn lọ nílẹ̀ rí kí Bàbá tó dé orí àmín.

Bámijókòó ní tiẹ̀, ajá pupa ni, baba rẹ̀ jẹ́ ajá òyìnbó kan ṣáá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ bíbí Lakowe. Inú páìpù gọ́tà kan létí títì márosẹ̀ ni Ọláyọdé ti rí i, ó kéré bí ọwọ́, òjò ti pa á. Ọdún yẹn ni Ọláyọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ajah, kò mọ ẹnì kankan, bó bá sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ kejì kí ó tó tún gbọ́ ohùn èèyàn. Ìdí tó fi sọ ajá náà ní Bámijókòó nìyẹn. Ajá náà sì bá a jókòó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn méjèèjì jọ jókòó kí Ìrètí tó dé.

Ẹ wá rí i pé "mú ọ̀kan" yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọláyọdé fẹ́ràn Ìrètí débi pé bó bá ń wọn ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń kọ sí etí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá a jókòó nígbà tí kò sẹ́nì kan, báwo ló ṣe fẹ́ lé e? Ó sọ ọ́ fún Ìrètí bó ṣe ń dùn ún. Ìrètí ní kó má tilẹ̀ dán an wò.

"Bó o bá lé Bámijókòó nítorí mi," ló wí, "èmi náà á máa ṣọ́ ọjọ́ tí wà á lé mi nítorí ẹlòmíì."

Ilé ìwé ajá náà wà ní Lakowe, ní pápá kan tó dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àràárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Afusat, obìnrin gíga kan tó ti lo ọdún méjìlélógún nídìí àwọn ajá ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì. Híjáàbù rẹ̀ kì í yẹ̀, fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ni Mùsùlùmí ṣe ń ṣe wọlé-wọ̀de pẹ̀lú ajá, á ní iṣẹ́ lòun ń bá wọn ṣe, àwọn kò jọ jẹun nínú abọ́ kan, á sì nawọ́ sí aṣọ ìkírun tó fi ọ̀rá wé sínú mọ́tò. Ó ti to pápá náà bí ibi ìṣeré ọmọdé: ọ̀pá páìpù tí ajá máa fò kọjá, ihò gígùn tí wọ́n fi tàpólì ṣe tí ajá máa gbà já sí òdìkejì, òkè pákó tí wọ́n máa gùn kí wọ́n tó sọ̀, àti ọparun mẹ́fà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ajá máa lọ́ gba àárín wọn. Ajá márùn-ún ló wà ní kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, Bámijókòó gbó gbogbo wọn. Ó gbó ajá funfun kékeré tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ gbé sáyà, ó gbó páìpù, ó gbó híjáàbù Afusat. Ojú ti Ọláyọdé, ó fa okùn, ó sì jágbe mọ́ ajá rẹ̀. Afusat ní kó mẹ́nu dúró, pé bó bá ń pariwo, ajá á rò pé àwọn jọ ń gbó ni. Ó so aṣọ pupa-rúsúrúsú mọ́ okùn Bámijókòó kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé kí wọ́n fún un láyè, ó sì lé àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn òkìtì yanrìn lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tó gbé fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Bí Bámijókòó bá rí ajá mìíràn, kí ó tó gbó rárá, kí Ọláyọdé pe, "Wojú mi." Bó bá wo ojú rẹ̀, kó fún un ní pánlá gbígbẹ díẹ̀. Bó bá dákẹ́ dáadáa, kí wọ́n sún mọ́ àwọn ajá yòókù ní ìṣísẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ ju kan lọ.

"Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ni Afusat wí, ó sì yára tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹlẹ́dẹ̀ lòun rí fi pòwe.

Òwe náà ṣẹ. Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹta, Bámijókòó ti ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá Bọ́sẹ̀ láìṣe ju kí ó yí etí padà. Ó mọ ọ̀pá fò, ihò tàpólì sì wá di àyànfẹ́ rẹ̀, bóyá nítorí páìpù tí wọ́n ti rí i ni. Ṣòkòtò Ọláyọdé ń rùn pánlá débi pé ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ bèèrè pé ta ló ń se ọbẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Inú Ọláyọdé ń dùn, ó ń sọ fún Ìrètí lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Sátidé kẹta yẹn gan-an ni bàbá tó ni pápá náà yà wọ́n wò. Ọláyọdé rí irun funfun, ara rẹ̀ kò bá a jiyàn, ó nà gbalaja. Kíá ni Bámijókòó gbéra, ó fẹ́ já okùn mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Bàbá onípápá yí ẹ̀yìn padà, ó lọ láìdágbére. Ọláyọdé jókòó sórí yanrìn, ó ní òun ti gbà, pé ajá òun kórìíra àgbà, tàbí kó jẹ́ ọ̀pá ọwọ́ wọn ni.

Afusat pe Bọ́sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí kò ní ewú, tí kò mú ọ̀pá, ó ní kó wá dúró síbí.

"Dọ̀bálẹ̀ fún un," ló sọ fún Ọláyọdé.

"Fún Bọ́sẹ̀, mà?"

"Mi ò ní kó o fẹ́ ẹ."

Ọláyọdé dọ̀bálẹ̀. Bámijókòó bẹ́ gììrì, ó dojú kọ Bọ́sẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń ṣeré láàárọ̀ yẹn, ó ń gbó o kíkankíkan. Afusat ní kí Ọláyọdé dìde, kó fi ẹnu lásán kí i. Ajá náà ju ìrù, ó tún fẹ́ lá ọwọ́ Bọ́sẹ̀.

"Ṣé o ti rí i báyìí?" ni Afusat wí. "Kò kórìíra àgbà. Ó rí ọ lórí ìdúró, ká tó ṣẹ́jú, o ti wà nílẹ̀, ẹnì kan sì dúró lé ọ lórí. Lójú tiẹ̀, onítọ̀hún ló gbé ọ ṣánlẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń gbó àna rẹ yẹn, ìwọ ló ń gbà sílẹ̀."

Ọláyọdé wo ajá rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó ní yanrìn ni. Ìgbà mẹ́ta ló ti bá ajá yìí wí nítorí Bàbá, ìgbà mẹ́ta náà ló ti febi pa á sùn. Ó fún un ní gbogbo pánlá tó kù lápò.

Ọ̀nà tó rọrùn wà, Afusat sì kọ́kọ́ là á fún un: kó má dọ̀bálẹ̀ mọ́, kó dúró, kó tẹrí ba. Ọláyọdé ní kò ṣeé ṣe. Bàbá ti ní kí òun kí i bí òun ṣe máa ń kí i, bí òun bá sì wá dúró bí igi iná, Bàbá á ní òun ti ń gbéraga kí òun tó fẹ́ ọmọ rẹ̀ tán. Afusat mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ajá náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ọláyọdé fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e jù síbẹ̀. Kó máa dọ̀bálẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà á fi sú ajá. Ọláyọdé bi í pé ta lòun fẹ́ máa dọ̀bálẹ̀ fún.

"Fún gbogbo ayé," ni Afusat dáhùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún òkìtì yanrìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mọ́tò Afusat. Ìrètí máa ń bá a wá ní Sátidé láti di okùn mú lókèèrè, bí àyà Ọláyọdé bá sì ti kan ilẹ̀, á ní "Dùbúlẹ̀," á fi pánlá sí iwájú ajá náà nílẹ̀. Wọ́n ń sún mọ́ra ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi máa lo ọ̀sẹ̀ méjì, bí Ọláyọdé bá nà sílẹ̀, Bámijókòó náà á nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé àgbọ̀n lé koríko, á máa retí ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Òkìtì yanrìn kì í ṣe èèyàn, Afusat sì ní èèyàn tó pọ̀ ló kù tí ajá náà gbọ́dọ̀ rí. Wọ́n bá sọdá sọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lódìkejì. Jàmíù, ọ̀gá wọn, ọmọ Ṣakí, ń po sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ ní aago méje àárọ̀ nígbà tí ọkùnrin onímọ́tò kan àti ajá pupa kan jọ nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wẹ̀yìn wò, bóyá ọba kan ló ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní àwọn òṣìṣẹ́ òun náà fẹ́ kí wọ́n kí àwọn. Wọ́n tò. Ẹnì kan ṣàdúrà fún un, ẹnì kan bèèrè pé ṣé kò ní oúnjẹ tó máa fi ti ìkíni lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn, tí Ọláyọdé fi ọdún mẹ́wàá jù lọ, gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Wà á dàgbà, ọmọ mi."

Ẹ kò ní rò pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ á jókòó sí Lakowe. Ó wọ bọ́ọ̀sì kékeré, ó sì dé Abraham Adésànyà Estate kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bàbá Mákánjúọlá pe Ìrètí sí yàrá, ó bi í pé kí ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe fún àwọn bíríkìlà tó fi ń bẹ̀ wọ́n ní gbangba. Ìrètí di ẹ̀rín mú, ó ní ẹ̀kọ́ ilé ló ń kọ́. Bàbá ní èwo lẹ̀kọ́ ilé nínú kí èèyàn dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì. Ìrètí ní kó dé ọ̀hún kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, Bàbá dé nínú bùbá funfun pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Afusat gbé àga fún un lábẹ́ agbòjò ńlá. Àwọn bíríkìlà kúrò nídìí iṣẹ́, wọ́n to ara wọn sí etí pápá bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù. Ajá Bọ́sẹ̀ wọ inú ihò tàpólì, kò jáde, àfi ìgbà tí Bọ́sẹ̀ rá wọlé lọ gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Bámijókòó. Ó fò, ó lọ́ gba àárín ọparun, ó gun òkè pákó, ó gba inú ihò já bí ọfà, ọ̀pá kan ṣoṣo ló gbá wó. Àwọn bíríkìlà pàtẹ́wọ́. Bàbá kò pàtẹ́wọ́.

"Ó tó," ni Bàbá wí. "Wá kí mi."

Ọláyọdé rìn dé ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí Bàbá, ó ní "Dùbúlẹ̀" wẹ́rẹ́, ó sì lọ sílẹ̀. Ó gbọ́ tí nǹkan kan rọra balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbọ̀n Bámijókòó wà lórí koríko.

Bàbá wo èyí, ó wo tọ̀hún. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà.

Ibẹ̀ ni Afusat ti la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ajá náà láti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tó rántí àdúrà Bàbá. Pánlá sì wà, ṣùgbọ́n àpò àyà bùbá tuntun ni Ọláyọdé kó o sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Bàbá ṣàdúrà fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lórí títì márosẹ̀, ó dárúkọ oríṣi ọkọ̀ tí kò ní pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí tírélà dé orí ọ̀kadà. Ó dé orí ọmọ, ó dé orí ọmọ ọmọ. Nígbà tó kan ilé kíkọ́, Bámijókòó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú ọ̀fun.

"Wojú mi," ni Ọláyọdé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín koríko. Ajá náà wo ojú rẹ̀. Wọ́n jọ ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, imú sí imú, títí Bàbá fi dé "gbogbo ohun tí ẹnu mi gbàgbé," ó sì fi orúkọ Jésù pa á dé. Jàmíù àti gbogbo bíríkìlà tó wà létí pápá fi ohùn kan ké "Àmín."

Bámijókòó gbórí sókè, ó sì gbó. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìrètí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọláyọdé kò dìde, kò sì bá ajá náà wí. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó sì rí i pé òun ti mọ ohun tí òun máa sọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ẹ ní kí n mú ọ̀kan. Mi ò lè mú ọ̀kan, sà. Ẹ bá mi dá a bó ṣe tọ́ lójú yín."

Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀, ó fi í ti ara, ó dìde.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbàdúrà fún ọmọ ilé ìwé láràárọ̀," ni Bàbá wí. "Ẹgbẹ̀rún ọmọ á dúró níwájú mi. Mo mọ èyí tó ń pariwo, mo sì mọ èyí tó ń ṣàmín. Ta ló ní ó gbó mi? Àmín ló ṣe. Kí ló wà lápò rẹ tó ń rùn bẹ́ẹ̀?"

"Pánlá, sà."

"Fún mi."

Ọláyọdé dìde sórí ìkúnlẹ̀, ó fà á yọ, ó ti rún. Bàbá gbà á. Ó na ọwọ́, ó tún yára fà á sẹ́yìn, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì rí i pé ẹ̀rù ajá ń bà á, pé ó ti ń bà á tipẹ́, kí Bámijókòó tó dáyé rárá. Síbẹ̀ ó na ọwọ́ náà. Bámijókòó yọ ahọ́n, ó lá a mọ́ láìfi eyín kàn án. Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìka rẹ̀, wọ́n pé.

"Ẹ mú un wá lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́," ló wí bó ṣe ń kọjú sí ibi tí mọ́tò wà. "Àmọ́ àga oníke iwájú ilé yẹn, ẹ sọ fún un pé tèmi ni. Mo lè tún nílò ẹ̀."

Ìrètí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bámijókòó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára, ó sì tẹ̀lé Bàbá lọ jẹ́jẹ́, ó ń gbóòórùn ọwọ́ tí pánlá ti kúrò.